Kí ni irun orí ń wá nínú ìwádìí jẹjẹrẹ?

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà lókè òkun tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Awọ ara, irun àti àrùn jẹjẹrẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tó ti ń ta àdìrẹ, pé ọmọ òun ti ń di dókítà awọ, fóònù ọmọ náà kò sinmi mọ́. Ẹnì kan fi àwòrán làpálàpá ránṣẹ́ sí i. Ẹlòmíràn ní kó bá òun wo iwájú orí òun tí irun ti ń sá sẹ́yìn. Ìyá tó ń bá wa dirun ní Pánṣẹ́kẹ́ fẹ́ mọ ìdí tí ewú fi bo orí òun kí òun tó pé ogójì ọdún. Àgbà kan nínú ẹbí ló wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ìnáwó, nítorí wọ́n mọ̀ pé báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Wọ́n ní: "Jẹjẹrẹ la gbọ́ pé ọmọ yìí lọ kọ́ nípa rẹ̀. Kí ni irun wá ń wá níbẹ̀? Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, òun wá ń lé mẹ́ta!"

Mi ò lè dá bàbá lóhùn tán níbi tí ìlù ti ń dún. Èsì tí mo fẹ́ fún wọn nìyí.

Eku kan ṣoṣo ni ọmọ náà ń lé. Ìbéèrè kan ló wà nídìí awọ, irun àti jẹjẹrẹ: báwo ni sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kékeré tí a fi mọ ara wa, ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó pín sí méjì, báwo ló sì ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró? Awọ ń dáhùn ìbéèrè yìí lójoojúmọ́. Irun ń dáhùn rẹ̀ lásìkò-lásìkò, bí àgbẹ̀ tó mọ ìgbà tí wọ́n ń gbin nǹkan yàtọ̀ sí ìgbà tí ilẹ̀ ń sinmi. Sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ "ó tó" mọ́ ni jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "dókítà" kúrò lọ́nà, torí òun ló dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀. Dókítà tó ń wo aláìsàn, tó ń kọ oògùn, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ti jáde. Tó bá tún wá kẹ́kọ̀ọ́ sí i lórí awọ, dókítà awọ nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ àrùn tó ń bá jà, onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn ni, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀ tó ń fún un níwèé àṣẹ. Ọmọ tiwa kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Onímọ̀ ìwádìí ni. Bó bá gboyè tán, wọn á máa pè é ní dókítà, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ló ń wá, kí dókítà ọ̀la lè ní oògùn tí dókítà òní kò ní.

Awọ tí à ń wẹ̀ dànù

Ẹ wo ohun tó ń ṣí kúrò nígbà tí ẹ bá fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ẹsẹ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìdọ̀tí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òkú sẹ́ẹ̀lì awọ. Apá òkè awọ wa jẹ́ ìpele lórí ìpele. Nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ti ń pín. Àwọn kan á dúró síbẹ̀, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń kún fún ohun líle tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátínì, èyí kan náà tó mú èékánná le. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé òkè, wọ́n ti kú, wọn á sì máa ré dànù. Ìrìn-àjò yìí ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ òkè tí ẹ gbé lọ ṣọdún Iléyá èṣí ti bómi ìwẹ̀ lọ tipẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ tí kì í tán yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní stem cell. Sẹ́ẹ̀lì orísun ni èmi yóò máa pè é, torí bí orísun omi ló rí: ẹ pọn ọ́n lónìí, ẹ pọn ọ́n lọ́la, ó ṣì ń sun.

Ní 1975, ní Amẹ́ríkà, Howard Green àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, James Rheinwald, rí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn fi lè máa pọ̀ sí i nínú abọ́. Ṣáájú ìgbà náà, kò rọrùn rárá láti mú un dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára ènìyàn. Àṣírí tí wọ́n rí ni pé ó ń fẹ́ alágbàtọ́. Wọ́n tẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku sí ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n ti ṣe é tí kò fi lè pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ara awọ kékeré báyìí ni wọ́n ti ń gbin awọ tó fẹ̀ bí aṣọ. Ní 1983, iná jó ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ó jó ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara wọn. Ìwọ̀nba awọ tó ṣẹ́ kù lára wọn ni wọ́n gbìn tó di púpọ̀, òun ni wọ́n fi bò wọ́n. Àwọn ọmọ náà yè.

Mi ò lè sọ ìtàn yìí ní kíláàsì kí n má dákẹ́ díẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí sítóòfù ń fojú àwọn ọmọdé rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó.

Ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n gbìn yẹn kò hu irun kan ṣoṣo, kò sì lè làágùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni irun ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Sẹ́ẹ̀lì òkè awọ nìkan kò lè dá irun hù. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀: sẹ́ẹ̀lì òkè awọ, àti agbo sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó jókòó sídìí gbòǹgbò irun, tó ń pàṣẹ fún un pé kó hù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba àṣẹ, ibi tó dára jù láti lọ dẹtí sí nìyẹn.

Ilé irun

Irun tí à ń fojú rí ti kú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dùn wá bí wọ́n bá gé e. Ohun tó wà láàyè wà lábẹ́ awọ, nínú ihò kékeré tí gbòǹgbò irun ń gbé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ilé irun. Nǹkan bí 100,000 rẹ̀ ló wà lórí ènìyàn kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Á hu irun fún ọdún méjì títí dé mẹ́fà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Lẹ́yìn náà, á wó apá ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, irun àtijọ́ á bọ́, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Torí pé gbogbo wọn kì í sinmi pa pọ̀ ni orí wa kì í fi í ṣí bí ara adìyẹ tó ń pa ìyẹ́ dà. Irun 50 sí 100 tó ń bọ́ lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí nítorí àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà oyún, àwọn họ́mónù inú ara máa ń dá ọ̀pọ̀ ilé irun dúró sẹ́nu iṣẹ́, orí á sì kún dáadáa. Lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo wọn á lọ sinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, irun á máa wá ní ìdì-ìdì sínú kóòmù. Mo mọ obìnrin kan tó torí èyí dẹ́kun àtimáa bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ní wọ́n ti mú irun òun lọ síbi tí kò dára. Kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà àwọn ilé irun ló bọ́ sọ́jọ́ kan náà, irun ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá sì ń padà láàárín ọdún kan.

Ta wá ni ń tún ilé yìí kọ́ lẹ́yìn tó bá wó? Ó pẹ́ tí wọ́n ti rò pé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò pátápátá ni orísun wà. Ní 1990, George Cotsarelis, Tung-Tien Sun àti Robert Lavker fi hàn lára eku pé òkè díẹ̀ ló wà, níbi tí ògiri ilé irun ti wú síta, lápá ibi tí kì í wó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì orísun ibẹ̀ kì í sábà pín. Wọ́n ń sùn títí àṣẹ á fi dé.

Òye yìí tú ohun kan tó máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù jù lọ nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Oògùn tí wọ́n ń pè ní chemotherapy máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá, torí bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì ìdí gbòǹgbò irun náà ń pín kíákíá, oògùn kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Irun á re. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì orísun tó ń sùn lókè kì í sábà fara gbá, ìdí nìyẹn tí irun fi ń hù padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ìtọ́jú bá parí. Obìnrin tó wé gèlè bo orí nítorí ìtọ́jú jẹjẹrẹ kò pàdánù ilé irun rẹ̀. Àwọn onílé ló sùn.

Dídì irun líle lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùkú tó fa ojú ọmọ sókè, tàbí weavon tó wúwo tí wọ́n so mọ́ irun iwájú orí, ń fa gbòǹgbò náà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá tètè tú u, irun á padà. Bí ó bá di ọ̀pọ̀ ọdún, àpá á bo ibi tí orísun wà, ilé náà á tì pa, kò sí ìpara tó lè ṣí i mọ́. Iwájú orí tó ń sá sẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Aláró inú awọ

Ó wá ku ewú ìyá onídìrí. Ẹni tó bá ti dé Ìtòkú rí á tètè lóye rẹ̀. Nínú awọ àti nínú ilé irun, sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ aláró jẹ́ tirẹ̀. Melanocyte ni wọ́n ń pè é, mẹ́lánínì sì ni aró tó ń pò. Kì í pa aró náà mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ gígùn sí àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó yí i ká, ó ń pín in fún wọn, àwọn náà á sì gbé e ka orí àpò tí DNA wọn, ìwé tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀, wà, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí agboòrùn. Iye aláró tó wà lára òyìnbó àti lára wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìkòkò tiwa ló ń pò aró tó pọ̀ jù.

Àwọn aláró inú ilé irun ní orísun tiwọn náà, níbi tó wú síta lára ògiri yẹn. Nígbàkígbà tí irun tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn á rán aláró tuntun sọ̀kalẹ̀. Ní 2005, Emi Nishimura, David Fisher àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí orísun yìí bá tán, irun á jáde láìpa láró. Ewú nìyẹn. Ìran tí ènìyàn ti wá ló sábà máa ń pinnu ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀. Bóyá ìyá ìyá onídìrí náà tètè hewú.

Àfín ńkọ́? Lára àfín, aláró wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, aró ni kò ṣe é pò dáadáa, torí jíìnì, ìyẹn ìlànà kan nínú DNA, tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ kò pé. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni jíìnì náà ti wá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé awọ àwọn méjèèjì dúdú. Nílẹ̀ Áfíríkà, jíìnì tí wọ́n ń pè ní OCA2 ló wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí agboòrùn lórí DNA, oòrùn á máa bà á jẹ́ tààràtà. Ní 1975, A. N. Okoro gbé ìwádìí jáde lórí àwọn àfín ní Nàìjíríà, ó sì fi ìyà tí oòrùn ń fi jẹ awọ wọn hàn gbangba. Jẹjẹrẹ awọ ń mú wọn ní ọjọ́ orí tí ẹgbẹ́ wọn ṣì ń wá ọkọ, wá aya. Èyí dùn mí gidigidi, torí ohun tó lè dín in kù kò ju fìlà abetí-gbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti ibòji lọ. Mo ní ọmọ àfín ní kíláàsì mi. Iwájú ni mo fi í sí nítorí ojú rẹ̀, mo sì ti bẹ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n má ṣe dá a dúró sínú oòrùn ní àsẹ́ńbìlì láàárọ̀, bó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó.

Àìsàn vitiligo, tí awọ ń funfun ní ojú-ojú, yàtọ̀ sí èyí. Aláró wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara gan-an ló ṣì í mú ní ọ̀tá, tí wọ́n lé e lọ. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ran ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń bóra ní tirẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ dí aláró lọ́wọ́. Hydroquinone inú ìpara ń dá pípò aró dúró, sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn ń sọ awọ náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mẹ́kúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí wọ́n bá lo hydroquinone pẹ́, ó lè yí padà sọ ojú di dúdú bí èédú ní àwọn ibì kan, èyí sì ṣòro láti wò.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́ràn mọ́

Ara awọ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun kan láti ìta lè fa jẹjẹrẹ, torí awọ kò ṣeé fi pamọ́. Ní 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kíyè sí i pé àwọn tó ń ha dúdú èéfín kúrò nínú ihò èéfín ilé ń ní jẹjẹrẹ lára awọ kórópọ̀n. Ní 1915, ní Japan, Katsusaburo Yamagiwa àti Koichi Ichikawa fi ọ̀dà èédú kun etí ehoro léraléra fún oṣù púpọ̀ títí jẹjẹrẹ fi yọ. Ẹ̀rí ti délẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí oòrùn àti ọ̀dà jọ ń bà jẹ́ ni DNA, ìwé iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn. Sẹ́ẹ̀lì ní ọlọ́dẹ tó ń wo ìwé náà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni p53, tí wọ́n rí ní 1979. Bó bá rí àṣìṣe, á dá pínpín dúró kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kó ní kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Jẹjẹrẹ awọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ bá ti ṣubú. Àṣìṣe kan kì í tó. Ó gbọ́dọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé jẹjẹrẹ awọ kì í mú aláwọ̀ dúdú. Ó ń mú wa. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí ojú wa kì í lọ ló ń gbà. Melanoma ni jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ lára aláró. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ti wọ́pọ̀ jù, níbi tí oòrùn kì í dé. Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí ti Bob Marley ní 1977. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà tó kú ní 1981. Ọ̀nà kejì ni àpá iná àtijọ́ àti egbò àdáàjinná, tó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Egbò àti jẹjẹrẹ jọra ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: sẹ́ẹ̀lì ń pín, ẹ̀jẹ̀ ń ya ọ̀nà tuntun. Ní 1986, Harold Dvorak, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pe kókó jẹjẹrẹ ní egbò tí kì í jinná. Egbò tó dára mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí.

Bàbá, ibi tí irun ti kan jẹjẹrẹ gan-an rèé. Ní Heidelberg ní Jámánì, Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus ń wá ohun tó ń sọ ẹyin di eṣinṣin pípé, àwọn eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso tó ti pọ́n jù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1980 ní jíìnì kan nínú tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ẹ̀gún á bo ara ìdin eṣinṣin náà. Wọ́n sọ ọ́ ní hedgehog, orúkọ ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó jọ òòrẹ̀. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé irú iṣẹ́ tí jíìnì yìí ń jẹ́ wà lára wa pẹ̀lú, òun sì wà lára ohun tó ń sọ fún ilé irun pé kó sọ̀kalẹ̀ kó hu irun. Ní 1996, wọ́n rí i pé àwọn ìdílé kan tí oríṣi jẹjẹrẹ awọ kan ń yọ lára wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àbùkù lára jíìnì tó yẹ kó máa pa iṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́. Àṣẹ "hù, hù" ń dún láìdáwọ́ dúró.

Ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1950, àwọn darandaran ti ń rí ọmọ àgùntàn tí wọ́n ń bí pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo láàárín iwájú orí. Ewé ìgbẹ́ kan ni ìyá wọn jẹ nígbà oyún. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé oró inú ewé náà ń dí iṣẹ́ hedgehog lọ́nà. Ohun tó lè dí i lọ́nà lára ọmọ àgùntàn lè dí i lọ́nà lára jẹjẹrẹ náà. Ní 2012, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn vismodegib fún irú jẹjẹrẹ awọ yìí nígbà tó bá ti le kọjá iṣẹ́ abẹ. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó? Irun wọn ń re. Oògùn tó pa jẹjẹrẹ lẹ́nu mọ́ pa ilé irun náà lẹ́nu mọ́, torí àṣẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́.

Láti ìdin eṣinṣin 1980 dé oògùn 2012, ọdún 32 ni. Ẹni tó bá bi onímọ̀ ìwádìí léèrè pé "oògùn wo lo ti ṣe?" kó rántí iye ọdún yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà

Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí à ń ṣe kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ bíi bayokẹ́mísìrì, tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì FUNAAB níbí, dà bí ìgbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ irinṣẹ́. Oyè ọ̀mọ̀wé ni ìkọ́ṣẹ́ gan-an: ọ̀gá kan, ìbéèrè kékeré kan, ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn àgbà ló gba fíríìdọ̀mù. Síbẹ̀ kò tíì lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á tún lọ bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìlú mìíràn, kó tó dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa wá owó fún.

Ọ̀nà tí Fiona Watt, onímọ̀ ìwádìí awọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà nìyẹn. Ó kàwé ní Cambridge, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, ó wá sọdá sí Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ Howard Green yìí kan náà, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin awọ. Ìbéèrè tó gbé padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni pé kí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì orísun kan dúró sísàlẹ̀, tí èkejì rẹ̀ sì gbéra lọ sókè láti kú. Ilé ìwádìí jẹjẹrẹ ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá èsì rẹ̀. Ní 2018, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olórí ìgbìmọ̀ tó ń náwó ìwádìí ìṣègùn fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ MRC. Ní 2022, ó di olùdarí EMBO, àjọ àwọn onímọ̀ báyọ́lọ́jì ilẹ̀ Yúróòpù, ní Heidelberg, ìlú eṣinṣin ọjọ́sí.

Ọmọ tiwa kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ni fífún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ. Ó sọ fún mi pé sẹ́ẹ̀lì kò mọ ọjọ́ Àìkú, bó bá fi í sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ oṣù kan lè ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ohun tó bá dán wò kì í yọrí sí rere, á tún un ṣe. Èyí tó bá sì yọrí, á fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí kí wọ́n wá àléébù rẹ̀ kó tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí fóònù rẹ̀ sinmi. Ojú dúdú tó ń fẹ̀ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, ìlà dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tó sì ń gbòòrò lára èékánná kan ṣoṣo, egbò tí kò san lẹ́yìn oṣù kan, egbò kékeré èyíkéyìí lára àfín, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Àbá, ló yẹ ká gbé wọn lọ, tàbí ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò tó ti wà láti 1895. Wọ́n lè gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún èyí, wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, á tàn. Kì í ṣe gígé wò ló ń mú un tàn. Ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀ ló ń ráyè.

Mo padà sí Pánṣẹ́kẹ́ ní Sátidé láti jíṣẹ́ fún ìyá onídìrí. Wọ́n gbọ́ ti àwọn aláró tó ti tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní lóòótọ́ ni ìyá àwọn tètè hewú. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò iwájú orí, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sáàárín ẹsẹ̀ wọn, omi ti gba ojú rẹ̀. Wọ́n tú ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ níwájú orí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un dì, ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.